Àkékù Tó Ń Hù

Àlùmọ́gàjí mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Dùgbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní òfin tirẹ̀. Èyí tó tóbi jù, aṣọ nìkan ló ń gé. Ọmọṣẹ́ tó bá fi gé bébà yóò gbọ́ ẹnu mi títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú, nítorí bébà ló máa ń tètè pa ẹnu àlùmọ́gàjí. Kékeré tó wà lórí máṣíìnì, òwú ló wà fún. Ẹ̀kẹta gùn, ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀. Abẹ́ omi ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà. Bí oníbàárà bá bi mí pé kí ni mo ń fi ṣe, mo máa ń nawọ́ sí àpótí onígíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọn a sì bú sẹ́rìn-ín: télọ̀ tó ń gé irun fún omi.

Mi ò ra àpótí náà. Gbèsè ni wọ́n fi san. Ọmọbìnrin kan tí mo rán aṣọ ẹbí fún òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ní Bódìjà ló ń jápa lọ sí Kánádà, owó iṣẹ́ mi sì kù sí i lọ́rùn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gba àpótí ẹja yìí. Tí ẹ bá tà á, ó ju owó yín lọ." Mo gbà á, torí ọkọ̀ òfurufú kì í dúró de ẹni tó ń sin gbèsè. Ẹsẹ̀ bàtà 3 ni gígùn rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin ló sì ń gbà. Ẹja wẹ́wẹ́ 8 la fi báfù gbé sínú Micra. Nígbà tí a ó fi já sí Dùgbẹ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ó ti ku 6. Gbogbo ewé tó bá àpótí náà wá, ike ni.

Kò sẹ́ni tó rà á. Ọmọkùnrin kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ló wá wò ó, ó ní ewé oníke yẹn kò ṣe ẹja lóore kankan. Ewé tó lẹ́mìí ló ń sọ ìgbẹ́ ẹja di ajílẹ̀, tó sì ń dá èémí padà fún wọn. Mo rò pé ọjà ló ń polówó. Nígbà tó yá ni mo kà á pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni: ní 1850, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa ẹja góòlù méjì tó kó sínú omi pẹ̀lú ewéko Vallisneria àti ìgbín omi. Ewé ń fún ẹja léèémí, ìgbín ń jẹ ewé tó bá rà, omi náà kò sì bàjẹ́. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bá Dùgbẹ̀ mu, níbi tí iná ti lè lọ láàárọ̀ kí a má sì rí i títí di ọ̀la. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi á dákẹ́. Ewé tó bá ti rí oòrùn fèrèsé kì í béèrè lọ́wọ́ NEPA. (Lóru, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn ewé fúnra wọn a máa mí èémí náà pẹ̀lú ẹja. Èyí ni mi ò fi kó ẹja kún un ju bó ṣe yẹ lọ.)

Ẹni tó ti ń gé aṣọ fún ogún ọdún, ó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń gé nǹkan. Ṣùgbọ́n aṣọ gígé ló sọ mí di ojo. Léèsì tí a bá gé tó di díẹ̀ káàtó, kò sí àdúrà tó ń fà á gùn. Mo ti san gbèsè léèsì rí, ó jẹ èrè oṣù méjì. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń wọn nǹkan kí irin tó kàn án. Nítorí náà, nígbà tí ewéko tí mo rà lọ́wọ́ ọmọkùnrin ẹlẹ́ja náà, tó pè ní Hygrophila, bẹ̀rẹ̀ sí í ga, mo fi í sílẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ ní oríkèé bí ìrèké, ewé méjì méjì sì ń yọ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Láàárín oṣù méjì ó ti kan ojú omi, ó tẹ̀, ó sì ń rá lọ bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn. Nísàlẹ̀, ewé ti rẹ̀ dànù, ọ̀pá ti dúdú, ó ku egungun. Mo ń wò ó, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Mo gbà lọ́kàn mi pé ó ń ṣe dáadáa, ṣebí ó ń ga.

Màmá mi ló tú mi sílẹ̀. Wọ́n ti abúlé wa lọ́nà Ìdó wá kí n wọn bùbá ọdún fún wọn, wọ́n jókòó síwájú àpótí náà, wọ́n dojú kọ ọ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Àjọkẹ́, ṣé kì í ṣe ojú oró ni mò ń wò yẹn?"

"Òun ni, mà."

"Ta ló bá ọ bù ú lódò?"

"Mo rà á ni, mà."

"O ra kí ni?"

Gèlè fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí wọn níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe ọmọṣẹ́ mi kó wá gbọ́. "Ọ̀gá rẹ ń kówó ra ojú oró! Tó bá dọ̀la, ẹ ó gbọ́ pé ó ra koóko." Lẹ́yìn náà ni wọ́n nu ojú wọn, wọ́n nàka sí Hygrophila. "Èyí ńkọ́? Ó ti ya wèrè."

Mo ní ẹ̀rù ń bà mí kó má kú tí mo bá gé e.

"Kó kú bí i ti kí ni? Bàbá rẹ ò gé ẹ̀gẹ́ gbìn lójú rẹ ni? Gé orí rẹ̀, kí o ri orí náà mọ́lẹ̀. Ìdí tó kù á pẹ̀ka."

Mo gé e lójú wọn. Ọ̀pá náà rọ̀ débi pé ọwọ́ mi, tó ti mọ áńkárá lára, kò tètè mọ̀ pé ó ti já. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń gba fèrèsé wọlé tààrà. Láti ojú ibi tí mo ti gé e, hóró afẹ́fẹ́ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní ìlà kan ṣoṣo, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń sín. Ọmọṣẹ́ mi sún mọ́ gíláàsì, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìyẹn?" Afẹ́fẹ́ tí ewé ń ṣe lójú oòrùn ni, tó rí ojú ọgbẹ́ gbà jáde. Ìlẹ̀kẹ̀ náà kò dá títí a fi wọn bùbá tán.

Bí wọ́n ṣe wí náà ló rí. Mo já ewé ìsàlẹ̀ kúrò lára orí tí mo gé, mo ri oríkèé méjì rẹ̀ mọ́nú iyanrìn. Kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ tí gbòǹgbò funfun fi yọ ní oríkèé wọ̀nyẹn. Ìdí tó kù yọ ẹ̀ka méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ní abíyá ewé tó wà lábẹ́ ibi tí mo gé. Orí igi ló máa ń dí àwọn ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́: oje kan ń ti orí sọ̀kalẹ̀ tó ń mú àwọn ọ̀mùnú ẹ̀gbẹ́ sùn, bí a bá sì ti mú orí kúrò, wọ́n á jí. Àgbẹ̀ tí kò mọ orúkọ oje náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo ń ṣírò lójú aṣọ ni kò yé. Ọ̀kan ni mo gé, mẹ́ta ló dà. Aṣọ ọ̀pá márùn-ún tí a gé sí méjì, bí ó bá di ọ̀pá méje lọ́wọ́ télọ̀, kí ẹ pe ọlọ́pàá.

Ẹ̀rù wá kúrò lára mi tán, mo sì ṣe àṣejù. Ọjọ́ Àìkú kan báyìí ni mo fá gbogbo àpótí náà tì, bí ẹni tó ń fá orí ọmọ tuntun. Kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì, ọbẹ̀dò ti bo gíláàsì, ó bo òkúta, omi náà dà bí ewédú tó ti sùn. Àwọn ewé tó ń jẹ ajílẹ̀ ni mo gé kúrò, ajílẹ̀ náà kò sì bá wọn lọ. Ohun tó kọ́kọ́ rí i ló jẹ ẹ́. Nísinsìnyí, bí mo bá gé ìdámẹ́ta lónìí, ìyókù dọ̀sẹ̀ mìíràn.

Ṣùgbọ́n Anubias ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an. Òun ló wọ́n jù nínú ohun tí mo rà. Ewé rẹ̀ le, ó dúdú nínú àwọ̀ ewé rẹ̀, ó ń dán bí awọ tí wọ́n fi epo pa. Ọmọkùnrin náà ní láti ìlú òyìnbó ló ti wá. Ìdí rẹ̀ dà bí atalẹ̀: ara kan tó nípọn, tó ń rá lọ gbalaja, ewé ń yọ lókè rẹ̀, gbòǹgbò ń bọ́ sísàlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ẹ̀gẹ́ ṣì wà lórí mi, màmá mi sì ti wo ewé náà, wọ́n ní ó jọ kókò. Kí ni wọ́n ń ṣe sí kókò bí kò ṣe pé kí wọ́n rì í? Mo gbẹ́ iyanrìn, mo ri atalẹ̀ náà mọ́lẹ̀ dáadáa, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ra.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé kan já sílẹ̀ fúnra rẹ̀, láìpọ́n. Ó ṣì dúdú, ó ṣì ń dán, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀pá rẹ̀ ti yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Nígbà tí mo fa ìyókù yọ, atalẹ̀ náà rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà, òórùn rẹ̀ sì lé oníbàárà kan sí ẹnu ọ̀nà. Ìwọ̀nba tó tó oríkèé ìka kan ló ṣì le, ewé méjì wà lórí rẹ̀. Mo fi bíléèdì tuntun gé ibi tó rà kúrò títí mo fi rí funfun.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ewéko yìí kì í gbé inú ilẹ̀. Nínú igbó ẹgàn tó wà létí odò, ara òkúta àti igi tó ṣubú ló ń rọ̀ mọ́. Gbòǹgbò rẹ̀ ló ń di nǹkan mú. Atalẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní gbangba kí omi máa fẹ́ sí i. Bí wọ́n bá rì í, wọ́n ti dí i nímú nìyẹn. Nítorí náà mo fi òwú dè é mọ́ òkúta, ìyẹn sì ni ibi kan ṣoṣo tí iṣẹ́ mi ti wúlò: mo mọ òwú. Òwú tó jẹ́ kọ́tìnnì gidi a máa jẹrà nínú omi, nígbà tó bá sì fi já, gbòǹgbò ti di òkúta mú. Èyí tó jẹ́ pólísítà kò ní jẹrà, yóò wà níbẹ̀ títí, yóò máa gé e lára bí ẹran bá ń kún sí i. Àwọn mìíràn ń lo Super Glue, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n télọ̀ kì í fi gúlù so nǹkan tí òwú lè so.

Ewé kan lóṣù kan, bóyá díẹ̀ ṣáájú bẹ́ẹ̀: bó ṣe ń yára tó nìyẹn. Ọdún kan àti ààbọ̀ kọjá kí n tó tún mú bíléèdì sún mọ́ ọn. Òfin tirẹ̀ ni pé kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin àti gbòǹgbò díẹ̀ kí a tó yà á kúrò lára ìyá rẹ̀. Èyí tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ lè yè, àmọ́ yóò kàn máa wò ọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù ni.

Nínú oṣù wọ̀nyẹn tí mo fi ń dúró ni mo wádìí orúkọ rẹ̀, Anubias barteri. Anubis ni òrìṣà òkú àwọn ará Íjíbítì àtijọ́. Barter, èèyàn ni: Charles Barter, olùtọ́jú ọgbà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá ìrìnàjò tí Baikie darí gòkè Odò Ọya ní 1857. Ìrìnàjò kan náà tí Àjàyí Crowther bá wọn lọ ni. Ọkọ̀ wọn, Dayspring, forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Barter ń já ewé, ó ń sá a, ó ń kó o ránṣẹ́ sílé, títí ó fi kú ní Rábà ní 1859. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Schott, onímọ̀ ewéko ní Austria, fi orúkọ rẹ̀ sọ ewéko náà. Ibo ló sì ti ń hù? Ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà wa níhìn-ín, Kamẹrúùnù, àti erékùṣù Fernando Po tó ń jẹ́ Bioko báyìí. Lóde òní, inú ọgbà ní Yúróòpù àti Éṣíà ni wọ́n ti ń gé e sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń sọ ọ́ di púpọ̀, tí wọ́n ń tà á káàkiri ayé. Ọmọ ilé ni mo fi owó àlejò rà.

Mi ò bínú. Bí mo bá gbójú sókè lórí máṣíìnì, Ilé Kòkó ni mo ń rí, àjà 26, èyí tí wọ́n ṣí ní 1965. Owó kòkó ló kọ́ ọ, kòkó kì í sì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Amẹ́ríkà ti ìsàlẹ̀ ló ti wá, Fernando Po yẹn kan náà ló gbà dé etíkun wa ní nǹkan bí 1874. Kòkó ń bọ̀, Anubias ń lọ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lójú ọ̀nà. Màmá mi náà kò sì jayò pa. Mo rí i kà pé ìdílé kan náà ni Anubias, kókò àti ojú oró, pé ohun tó ń mú kókò tútù yún ẹni lọ́fun wà lára ewé Anubias pẹ̀lú, ẹja kì í sì í fẹ́ jẹ ẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn lórí fóònù, wọ́n ní, "Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ kí o tó kà á."

Ojú oró ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ fi ìka tẹ ọ̀kan rì sínú omi, kí ẹ wò ó. Ewé rẹ̀ á tàn bí fàdákà lábẹ́ omi, nítorí irun wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀ ti di afẹ́fẹ́ mú. Bí ẹ bá gbé ìka, á ta gbọ́n sókè, ewé náà á sì gbẹ bí ẹni tí kò dé odò rí. Èyí làwọn àgbà rí tí wọ́n fi ń fi í ṣàdúrà ìlékè. Apẹja kì í fi ṣàdúrà. Ẹ̀ka tó ń na sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló fi ń bímọ, ọmọ náà á tún na ẹ̀ka, bí mi ò bá sì fi igbá bù ú lọ́sẹ̀ méjì, gbogbo ojú omi á dí, ilẹ̀ á ṣú fún àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ibo wá ni kí a da ohun tí a bù sí? Àkékù aṣọ, mo mọ ibi tó ń lọ: ìrọ̀rí, aṣọ ìdáná, aṣọ ọmọláńgidi. Àkékù kankan nínú àpò mi kì í ta gbòǹgbò. Ọjọ́ kan ni ọmọṣẹ́ mi da bọ́kẹ́ẹ̀tì ewé sí gọ́tà, mo ní kó sọ̀kalẹ̀ lọ ṣà á pátá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rò pé mo rorò. Àmọ́ gọ́tà Dùgbẹ̀ ń wá odò lọ, ẹni tó bá sì gbọ́ ìtàn odò Ògùnpa, tó ya wọ ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, kò ní fi ohun tó lè dí omi ṣeré. Ewéko omi olódòdó àlùkò nì, tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, Amẹ́ríkà ti ìsàlẹ̀ ni òun náà ti wá. Òdòdó rẹ̀ tó rẹwà ló mú kí wọ́n máa gbé e ká ayé. Ní 1984, ó gba odò tó so wá pọ̀ mọ́ Pọtonófò wọ Bàdágìrì, láti ìgbà náà ni àwọn apẹja etí ọ̀sà ti ń fi àdá lànà fún ọkọ̀ wọn. Èmi ń sá ti tèmi sórí páànù lẹ́yìn ilé, títí yóò fi gbẹ tó ń dún pàrà lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó ń dà á sídìí èfìnrín.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọṣẹ́ mi gba fíríìdọ̀ọ̀mù. A gbàdúrà, a jẹ ìrẹsì, mo fún un ní àlùmọ́gàjí aṣọ, téèpù, àti ike kékeré kan tí omi wà nínú rẹ̀. Anubias ni, ewé márùn-ún, mo ti dè é mọ́ òkúta pẹ̀lú òwú kọ́tìnnì láti bí oṣù mẹ́ta, òwú náà ti ń ṣí. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Challenge.

Lọ́sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, fọ́tò kan wọlé lórí WhatsApp mi láago mọ́kànlá òru. Ó ti ra ìkòkò gíláàsì, iyanrìn funfun, ẹja méjì. Gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo fi ìka fa fọ́tò náà tóbi, mi ò rí òkúta, mi ò sì rí atalẹ̀. Ewé mẹ́rin péré ló yọ jáde nínú iyanrìn, wọ́n dúró ṣánṣán bí ẹ̀fọ́ lórí ebè. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí: "Ọ̀gá, mo yọ òkúta yẹn kúrò, ó ń dí i lọ́wọ́. Mo ti gbìn ín dáadáa."

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Ó ti sùn. Mo tún un pè.